Iná Mẹ́wàá Níwájú Bàbá

Rédíò Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé etí wọn ti ń lọ, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́. Nígbà tí màmá mi mú mi wá sí agbo ilé wa ní Ìgbẹ̀ìn, tí òun padà sẹ́nu òwò rẹ̀ l'Ékòó, rédíò náà kì í dún kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbogbo àdúgbò ló ń bá wọn gbọ́ ìròyìn. Obìnrin tó ń lọ ata lójú títì a máa sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù kí Alhaji gbọ́ ìròyìn tán kí òun tó tan ẹ̀rọ, nítorí ariwo méjèèjì ò lè gba inú àdúgbò kan náà. Bẹ́ẹ̀ ariwo mìíràn ò sì wọ́n nínú ilé wa. Bútà máa ń kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nígbà àlùwàlá, jẹnẹrétọ̀ Bàbá Kékeré máa ń wúkọ́ títí kó tó dìde, bí Ìyá Àgbà bá sì ro láfún tán, wọ́n á fi orógùn gbá etí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ó ti jinná. Mo máa ń rò ó báyìí pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn jù fún ẹni tí kò gbọ́ràn mọ́ láti fara pamọ́ sí. Ta ló fẹ́ mọ ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́, nígbà tí gbogbo wa ń pariwo?

Bàbá Àgbà ti ta ẹní, bútà àti ike ìpọnmi lọ́jà Kútò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò wọn, ẹni tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lẹ́nu wọn fún ohun gbogbo, òun ni “Ẹ jẹ́ kó pé.” Bí ìrẹsì bá wà lórí iná tí àwa ọmọ ń yọjú wò ó, wọ́n á ní kí a jẹ́ kó pé. Bí ẹnì kan bá ń kánjú láti já ẹrù kí mọ́tò tó dúró, wọ́n á ní kó jẹ́ kó pé. Àmọ́ inú oṣù ààwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń lágbára jù. Láti ayé baba wọn, ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé wa kò gbọ́dọ̀ fi omi kan ẹnu ní ìrọ̀lẹ́ àfi bí olórí ilé bá ti jẹ dàbínù àkọ́kọ́. Ẹ lè gbọ́ ìpè ìrun láti mọ́ṣáláṣí mẹ́rin, ẹ lè wo aago títí ojú yín á fi pọ́n, bí Bàbá ò bá tíì ṣínu, ẹ ò tíì ṣínu nìyẹn. Bí wọ́n bá jẹ tiwọn, wọ́n á gbé àwo náà fún Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà á mú ọ̀kan, wọ́n á gbé e fún Bàbá Kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àwo á ṣe máa ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ àwa ọmọdé lórí ẹní. Nígbà yẹn, a kì í wo ojú ọ̀run, a kì í sì í tẹ́tí. Ọwọ́ Bàbá Àgbà la máa ń wò.

Lọ́dún tó ṣáájú, ìpè ìrun mọ̀gàríbì dún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Àgbà ò sì mira. A rò pé àdúrà ni wọ́n ń ṣe sínú. Bàbá Kékeré wúkọ́. Àwọn ará ilé kejì ti ń jẹ àkàrà, òórùn rẹ̀ ń wọlé wá bá wa, àwa ṣì jókòó bí ẹni tó ń ya fọ́tò. Ìyá Àgbà ló mú dàbínù kan, wọ́n fi í sí Bàbá lọ́wọ́, wọ́n ṣe é bí ẹni pé eré ni. Nígbà tí a jẹun tán, mo gbọ́ tí Bàbá Kékeré ń sọ fún wọn nínú yàrá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé àgbà ti ń dé, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá wọn ṣí ààwẹ̀ ilé. Bàbá Àgbà ò dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá wọn ò fẹ́ dáhùn ni tàbí wọn ò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí ìpè ṣe dún, mo na ẹsẹ̀ mi láti orí ẹní, mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tẹ tiwọn. Wọ́n mú dàbínù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ò sọ ọ́ síra wa rí, àtọjọ́ yẹn ni mo sì ti di etí Bàbá Àgbà nínú ààwẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀ púpọ̀, kí n má parọ́. Ọmọ mẹ́jọ ló wà nínú ilé wa, èmi nìkan ni ìyá mi ò sí nítòsí, àmọ́ èmi nìkan ni olórí ilé máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun.

Nínú ààwẹ̀ ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Àǹtí Bàlìkí ló kọ́kọ́ rí wa. Àwọn ni àbíkẹ́yìn Bàbá Àgbà. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n ń kọ́ ní pólì, wọ́n sì wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ lọ́dún yẹn ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ́nà Pápálántó, tí wọ́n máa ń lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí wọ́n á dé ní Tọ́sìdeè. Bí wọ́n bá ti wà nílé, abẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó lẹ́ẹ̀dì láti lẹ wáyà pọ̀, tí èéfín rẹ̀ á máa lọ tààrà sínú yàrá Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní èéfín náà máa tó ba ààwẹ̀ òun jẹ́. Iná kéékèèké ni wọ́n ń fi ṣeré, irú èyí tí wọ́n tò sára ọ̀já pẹlẹbẹ kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju horo ẹ̀wà lọ. Wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀, méjì fún iná, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ wo. Àǹtí ní àṣẹ tí àwọn bá kọ sínú láptọ́ọ̀pù ni, pé pátákó kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló ń gba àṣẹ náà sọ fún àwọn iná, iná kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọ̀ tirẹ̀ tí wọ́n lè pè é sí. Wọ́n ti fi wọ́n yí dígí Ìyá Àgbà po rí. Ojú Ìyá Àgbà di àwọ̀ aró nínú dígí, wọ́n ní kí Àǹtí wá tú u kíá.

Lọ́jọ́ tí Àǹtí rí ẹsẹ̀ mi lórí ẹsẹ̀ Bàbá, wọn ò sọ nǹkan kan níṣojú ènìyàn. Wọ́n pè mí sábẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní èmi náà mọ̀ pé mo ń lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ bí ọlidé bá ti parí, ta ló máa wá tẹ ẹsẹ̀ Bàbá lọ́dún tó ń bọ̀? Bí Bàbá bá tún pẹ́ ṣínu lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá Kékeré ló máa gba àwo dàbínù, Bàbá ò sì ní í jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Wọ́n ní iná ni àwọn fẹ́ fi ṣe é. Mẹ́wàá ni àwọn máa tò sí etí fèrèsé tó dojú kọ àga Bàbá. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo wọn á tàn pupa, ọ̀kan á máa kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí àkókò bá sì pé, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á tàn ní àwọ̀ ewé. Ìwé àkókò tí wọ́n pín ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n kọ sínú pátákó náà, ọjọ́ kan lẹ́yìn èkejì, títí oṣù fi pé. Fún àwọn ará ilé, wọ́n ní ọ̀ṣọ́ oṣù ààwẹ̀ ni. Bàbá nìkan ni wọ́n ṣàlàyé fún, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé fún wọn ní lẹ́tà gàdàgbà pé bí ó bá pupa, kí wọ́n dúró, bí ó bá di àwọ̀ ewé, kí wọ́n ṣínu. Bàbá Àgbà ka ìwé náà, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wò mí, wọ́n ní ó dáa. Ó dùn mí gan-an pé wọ́n ní ó dáa.

Ọ̀já iná àkọ́kọ́ ò pẹ́ láyé. Wọ́n so ó tán, kò tàn rárá, Àǹtí fi ẹ̀rọ ìdánwò wọn kàn án káàkiri, wọ́n ní iná àkọ́kọ́ ló kú. Mo ní bí ọ̀kan bá kú, kí ló ṣe mẹ́sàn-án tó kù? Wọ́n wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, mi ò sì gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gbogbo wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ti iwájú. Á mú tirẹ̀, á fi ìyókù ránṣẹ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn náà á mú tirẹ̀, á fi ìyókù ránṣẹ́, títí dé èyí tó kẹ́yìn. Bí ti iwájú bá ti kú, àwọn tó kù lè wà láàyè kí ara wọn dá ṣáká, wọn ò ní í gbọ́ nǹkan kan. Mo ní bí àwo dàbínù nìyẹn. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ó yé mi ju àwọn lọ. Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé ti iwájú kúrò, ti ìkejì di ti iwájú, ó sì tàn. Lọ́jọ́ kejì, ìyẹn náà kú. Wọ́n ní ọjà gbàrọgùdù ni, wọ́n jù ú nù, wọ́n ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́ láti Èkó, awakọ̀ kan sì já a sílẹ̀ fún wọn ní gáréèjì Kútò lọ́sàn-án Sọ́ńdè.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Àǹtí jó lẹ́ẹ̀dì sí ọ̀já tuntun náà tìkánjútìkánjú, ọlọ́kadà ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí n tẹ bọ́tìnnì kékeré tó wà lára pátákó, kí n sì wá sọ fún àwọn. Bó bá dáa, mẹ́wàá á kọ́kọ́ tàn pupa, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé. Mo tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ dé, pupa ló tẹ̀ lé e. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tó fà á dáadáa. Àwọn tó ń ṣe àwọn iná wọ̀nyí kò ní ètò kan náà, òmíràn á kọ́kọ́ ka iye pupa nínú àṣẹ tí o fún un, òmíràn á kọ́kọ́ ka iye àwọ̀ ewé, bí o bá sì fi àṣẹ tọ̀hún fún tìhín, àwọ̀ méjèèjì á gba ipò ara wọn. Irú iná yìí náà ni mo fi ń jẹun lónìí, mò ń fi í ṣe pátákó orúkọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù, kò sì sí ọ̀já tuntun kan tó wọ ọwọ́ mi tí mi ò kọ́kọ́ tàn án pupa kí n tó so ó mọ́ nǹkan. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò nílò ẹ̀kọ́ yẹn láti mọ̀ pé ó ti dà rú. Ojú mi ni mo fi rí i.

Àǹtí ti gbé báàgì kọ́ èjìká, wọ́n bi mí láti ẹnu ọ̀nà pé, “Rìṣì, ṣé ó ṣe é?”

Mo ní, “Ó ṣe é, mà.”

Ohun tó wà lọ́kàn mi kò le. Mo fẹ́ kí ojú ti iná náà ni. Mo rò pé bó bá tàn lódì, ẹnì kan á sọ pé kò dáa, wọ́n á gbé e kúrò létí fèrèsé, Bàbá Àgbà á sì padà sídìí ẹsẹ̀ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn pé Bàbá lè gbà á gbọ́. Mo tún gbàgbé pé nínú ilé wa, kò sí ẹni tó ń wo nǹkan mìíràn ní àkókò yẹn ju ọwọ́ Bàbá.

Òjò ṣú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo òrùlé pánù tó wà ní Ìgbẹ̀ìn ń dún, ojú ọjọ́ sì ti ṣókùnkùn ṣáájú àkókò rẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ. Páwà báǹkì ni Àǹtí so mọ́ pátákó náà, nítorí náà iná mẹ́wàá yẹn nìkan ló wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àtùpà kan. Mo ti ká ẹsẹ̀ mi méjèèjì sábẹ́ ara mi. Ìbínú ọmọdé ni, mo fẹ́ kí Bàbá wá a tì. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fèrèsé tàn, ó sì mọ́ ní àwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá Àgbà wò ó. Wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà, wọn ò rí i. Wọ́n tún wo fèrèsé. Wọ́n ní “Bísímílàhì,” wọ́n jẹ dàbínù, wọ́n mu omi, wọ́n gbé àwo fún Ìyá Àgbà. Àwo náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bó ṣe máa ń lọ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi náà mú ọ̀kan, mo sì jẹ ẹ́.

A ti bẹ̀rẹ̀ àkàrà àti ẹ̀kọ mímu nígbà tí òjò rọlẹ̀. Iná tó wà ní fèrèsé ti ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi nìkan ló ń kà á. Èyí tó kẹ́yìn kú, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tàn pupa lẹ́ẹ̀kan náà, ìpè mọ̀gàríbì sì dún láti mọ́ṣáláṣí, ó mọ́ ketekete. Gbogbo ẹnu dúró. Bàbá Kékeré tu àkàrà ẹnu wọn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wò ó. Ìyá Àgbà gbé ife sílẹ̀. Ìpè náà ń lọ, a ń gbọ́ ọ láti orí dé ìsàlẹ̀, Bàbá Àgbà nìkan ló ń jẹun lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé ojú sókè tí wọ́n rí wa ni ọwọ́ wọn dúró. Wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wo fèrèsé tó ti pupa, wọ́n sì mọ̀.

Wọ́n ní, “Èmi ni mo ṣì í. A máa san án padà.”

Bàbá Kékeré ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn sọ jẹ́jẹ́ pé láti ọ̀la, àwọn ni àwọn máa ṣí i. Láti ọjọ́ kejì, inú yàrá ni Bàbá Àgbà ti ń ṣínu, Ìyá Àgbà ló ń gbé oúnjẹ wọlé fún wọn. Wọ́n pa rédíò. Ọjọ́ mẹ́ta ni rédíò ò fi dún, obìnrin tó ń lọ ata wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kàn ní kí òun béèrè àlàáfíà Alhaji ni. Mo ti rí ikú nínú ilé yẹn lẹ́yìn ìgbà náà, ikú Bàbá fúnra wọn wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ilé fi dákẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta yẹn.

Àǹtí Bàlìkí dé ní Tọ́sìdeè. Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn ò bọ́ bàtà, wọ́n lọ tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n wo àwọ̀ ewé, wọ́n wo pupa, wọ́n wá wò mí. Wọn ò lù mí. Wọ́n ṣí láptọ́ọ̀pù, wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà, àwọ̀ méjèèjì sì padà sáyè wọn. Wọ́n ní èyí tó kù tèmi ni, pé àwọn ò ní í bá mi sọ ọ́.

Mo wọlé bá Bàbá Àgbà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo kúnlẹ̀, mo rọra sọ ọ́. Wọ́n ní kí ni mo wí. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sẹ́yìn etí, wọ́n ní kí n sọ ọ́ dáadáa. Mo ti rò pé èmi àti wọn nìkan ló máa mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún wọn nìkan.

Mo fi gbogbo agbára mi kígbe pé, “Mo mọ̀ pé iná náà ò dáa. Mo rí i láàárọ̀, mi ò sọ. Mi ò fẹ́ kó gba iṣẹ́ mi. Èmi ni mò ń bá yín gbọ́ ìpè, sà. Ẹ̀yin ò gbọ́ ọ.”

Ẹ̀rọ ata dákẹ́ lóde. Orógùn Ìyá Àgbà dúró nínú ìkòkò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Kékeré ni, wọn ò wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí ó ti yé mi pé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìkan kọ́ ni mo tú síta.

Bàbá Àgbà bi mí bóyá gbogbo wọn ti gbọ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní, “Ó dáa. Ó ti pé nìyẹn.”

Wọ́n dìde, wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé etí àwọn ti lọ, pé ó ti tó ọdún méjì, kí ẹni tó bá fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ máa dúró níwájú àwọn. Ìyá Àgbà ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Bàbá ní kí Bàbá Kékeré máa ṣí ààwẹ̀ lọ títí oṣù á fi parí, nítorí ẹni tó bá ṣi ilé lọ́nà gbọ́dọ̀ jókòó díẹ̀. Èmi ni wọ́n sì ní kí n lọ tan rédíò.

Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, a mú ọjọ́ Sátidé kan láti san ti ọjọ́ òjò. Kò di dandan fún èmi ọmọdé, àmọ́ mo gbà á, mi ò sì fẹnu kan nǹkan láti àárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá Kékeré gbé àwo dàbínù jáde, wọ́n wò ó fún ìṣẹ́jú kan, wọ́n lọ gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì padà síbi wọn. Àǹtí Bàlìkí ti kọ àkókò ọjọ́ náà kún ti inú pátákó. Iná tàn pupa ní fèrèsé, gbogbo ilé ló ń wò ó báyìí, àwọn ọmọ ń kà á sókè bó ṣe ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó di àwọ̀ ewé. Ìpè dún, gbogbo wa gbọ́ ọ. Bàbá Àgbà mú dàbínù sọ́wọ́, wọn ò jẹ ẹ́. Bàbá Kékeré nawọ́ sí fèrèsé láti fi iná náà hàn wọ́n, Àǹtí Bàlìkí náà nawọ́ sí i. Bàbá ò wo fèrèsé. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, níbi tí ẹsẹ̀ mi wà. Mo nà án, mo fi tẹ tiwọn, wọ́n sì jẹ ẹ́.